Fọ́tò Ilé Àtijọ́ Lórí Àlùmíníọ́mù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Fọ́tò bébà tí a fi gíláàsì bò kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ilé tó wà létí ọ̀sà. Ọ̀rinrin á wọ inú férémù, bébà á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, á sì bu. Àlùmíníọ́mù kì í mu omi, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí a tẹ fọ́tò ilé àtijọ́ sórí rẹ̀. Àmọ́ kì í bo àṣìṣe. Ògiri tó wọ́, dúdú tó ti di búráùn, fáìlì tí kò tó: gbogbo rẹ̀ ló máa hàn, torí kò sí férémù tó máa gbà á sílẹ̀.

Àwọn ilé Àgùdà l'Ékòó, ìyẹn ilé àwọn tó padà dé láti Brazil, ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ilé ìdílé Fernandez ní gbàgede Tinúubú, tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Inú fọ́tò nìkan la ti lè rí àwọn fèrèsé rẹ̀ tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè báyìí. Ó dùn mí bí a bá fi ìwàǹwára tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìlì. Èyí tó gba orí WhatsApp wá kò wúlò, torí ó ti fún un pọ̀. Bí fọ́tò bébà bá wà lọ́wọ́, ẹ gbé e lé ojú skánà, ẹ má fi fóònù yà á. Fọ́tò íǹṣì 5 × 7 tí a skán ní 1200 dpi (iye àmì kéékèèké tó wà nínú íǹṣì kan) á fún yín ní píksẹ́lì 6000 × 8400. Àlùmíníọ́mù íǹṣì 24 × 36 nílò píksẹ́lì 4800 × 7200 kó tó dáa. 3600 × 5400 ni mo lè gbà mọ, kó má kéré sí i. TIFF, irú fáìlì tí kì í fún àwòrán pọ̀ débi tó máa bàjẹ́, ni kí ẹ fi pamọ́ sí. Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán tí a gé nínú ìwé ìròyìn: bí a bá ti sọ ọ́ di ńlá, ojú rẹ̀ á dà bí ojú asẹ́, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Ẹ pa àmì eruku àti ìlà tó ha fíìmù rẹ́. Ẹ má pa sísán ara ògiri rẹ́, tirẹ̀ ni. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ tó lo kámẹ́rà ńlá orí ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ bí wọ́n ṣe ń mú ògiri dúró gbọnrangandan. Bí ti yín bá dagun, skánà ló sábà máa ń fà á. Ẹ tò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Kí orí òrùlé má sún mọ́ etí jù, torí wọ́n máa ń gé díẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú á ní àwọ́n ń tẹ fọ́tò sórí irin, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n irú èyí tó jẹ́. Sítíkà tí a lẹ̀ mọ́ alucobond (pákó àlùmíníọ́mù tó ní rọ́bà láàárín), èékánná lè ṣí etí rẹ̀. Èyí tí mò ń sọ ni sublimation. Wọ́n á tẹ àwòrán sórí bébà ní òdìkejì, bí ìgbà téèyàn wo dígí, wọ́n á dà á dé irin tí wọ́n ti kùn, wọ́n á sì fi heat press, ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ nǹkan, tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 200°C fún ìṣẹ́jú kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yíǹkì á di èéfín, á wọnú ọ̀dà irin náà. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ ò ní gbúròó yíǹkì kankan lójú rẹ̀.

Bí ooru kò bá tó, àwòrán á ṣá. Bí ó bá pẹ́ jù, dúdú á di búráùn, ìlà á ràn, funfun á pọ́n. Bébà tó ti gba ọ̀rinrin á fi àbàwọ́n sílẹ̀, nítorí náà lásìkò òjò, ó yẹ kí wọ́n fi ooru gbẹ ẹ́ ná. Bébà tó yẹ̀ á sọ ilé kan di méjì. Bí iná bá já láàárín iṣẹ́, irin yẹn ti lọ nìyẹn.

Àwòrán dúdú-àti-funfun ló ṣòroó tẹ̀ jù. Ó lè jáde ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa ráúráú, nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ íǹṣì 5 × 7 kan wò. Ibi tí ẹ fẹ́ gbé e kọ́ gan-an ni kí ẹ ti wò ó, lọ́sàn-án àti lábẹ́ iná. Bí abẹ́ fàráńdà bá ti dúdú bí èédú, ẹ mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú fáìlì.

Ojú irin ńkọ́? Èyí tó ń dán kò dáa níwájú fèrèsé, ojú ara yín lẹ máa rí. Ojú tí kò dán, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun sí nísàlẹ̀, ni mo máa ń mú fún ilé. Èyí tí wọn ò fi funfun sí, irin fúnra rẹ̀ ló máa di ojú ọ̀run. Ó lè dáa fún fọ́tò Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti 1894 l'Ékòó, àmọ́ á ba ojú àwọn ènìyàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ sórí ògiri ẹ̀yìn sófà, sófà ẹsẹ̀ bàtà 7 fẹ̀ tó íǹṣì 84. Nǹkan bí ìdáméjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kí àwòrán gbà. Mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 16 × 24, tí àlàfo íǹṣì 3 wà láàárín wọn, á gba íǹṣì 54. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Ìsàlẹ̀ wọn á fi íǹṣì 6 sí 8 ga ju ẹ̀yìn sófà lọ.

Irin íǹṣì 24 × 36 kò tó kílò 2, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù oníhò lè dani. Ẹ fi dírílì 6 mm gba inú sìmẹ́ǹtì kọjá dé ara búlọ́ọ̀kù; bí fisher (rọ́bà tí a ń kì bọ ihò kí ìṣó lè dì í mú) bá ń yí lófìfo, ẹ sún ihò. Ẹ jẹ́ kí igi kékeré tó wà lẹ́yìn irin náà fi nǹkan bí ìdajì íǹṣì gbé e kúrò lára ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń tà sí i tààrà, yóò ṣá. Ìṣó tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ti lásán á dípẹtà kí ọdún tó yí po, omi pupa rẹ̀ á sì ṣàn sára ọ̀dà ògiri yín.