Ẹjọ́ fàyàwọ́: kí ni ẹni tí wọ́n mú mọ̀ gan-an?

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà ní Àgbádárìgì, "mi ò mọ̀" ni ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù mú lọ́nà ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni kò mọ̀. Ṣé kò mọ̀ pé ìrẹsì wà lábẹ́ gàrí ni, àbí kò mọ̀ pé òfin kọ̀ ọ́? Ti àkọ́kọ́ lè gbà á là: abala 25 Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, gba àṣìṣe tó tọkàn wá, tó sì bọ́gbọ́n mu. Abala 22 ti dí ọ̀nà èkejì: àìmọ òfin kì í ṣe àwáwí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé ẹ̀sùn. Bó bá sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e, pẹ̀lú ète láti sá fún owó orí ẹrù, ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ àti ète hàn. Pé ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ wo ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú, torí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ti yí padà lọ́dún 2023.

Adájọ́ kò lè rí inú ẹnikẹ́ni, ohun tó yí ọ̀ràn ká ló ń wò. Wọ́n ṣe ilẹ̀ bọ́ọ̀sì ní ìlọ́po méjì láti fi ẹrù pamọ́? Dírẹ́bà fi títì sílẹ̀, ó gba inú igbó lóru? Owó ọkọ̀ ju iye tí gbogbo ayé ń gbà lọ fíìfíì? Ẹni tó fura, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti tú àpò wò, kò yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀. Alábàárù tó gba owó ojúmọ́ lọ́sàn-án gangan, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ẹlẹ́rù.

Gbólóhùn tí wọ́n gbà lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù. Ẹ máa rí ọmọ Ègùn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun mọ̀ pé ẹrù òfin ni. Ta ló ṣe ògbufọ̀? Bí ògbufọ̀ náà kò bá wá jẹ́rìí, ẹ ta ko ìwé yẹn. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ká a sí fídíò, tàbí lọ́yà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì tẹ WhatsApp jáde, abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011, èyí tó wà fún ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má ṣèlérí fún oníbàárà pé ọkọ̀ tí wọ́n gbà máa padà wá o. Ilé ẹjọ́ lè dá a sílẹ̀, kí ìjọba ṣì gba ẹrù àti ọkọ̀, torí ìyẹn kò dúró lórí ohun tó mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ọkọ̀, kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà sì kọ̀wé béèrè fún un lọ́tọ̀.