Ìjíròrò lórí Ogun Kírìjì
Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ní Bódìjà, a bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú ẹ̀kọ́ ìtàn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá, síbẹ̀ wọn kò gbè sẹ́yìn àwa ará Ìbàdàn: wọ́n ṣàlàyé bí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn (àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀) ṣe mú kí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, àti bí ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n rí gbà láti Èkó ṣe sọ ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 di ogun tí kò tán bọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí àwọn ọmọ ogun kò fi tú ká nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mu omi (ìdáhùn náà gùn lóòótọ́): ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́, ìlú ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀ tí àdéhùn náà ní kí àwọn ará rẹ̀ ṣí kúrò, kò tíì yanjú, Ìlọrin kò sì fi Ọ̀fà lọ́rùn sílẹ̀, 1893 ni wọ́n tó tú bùdó.