Ariwo lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn: pọ́ǹpù epo Corolla 1995

Sátidé, àárọ̀

Corolla yìí, oní-ẹ́ńjìnnì 7A-FE 1.8, ti ń rìn dáadáa láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ bíréèkì rẹ̀. Ohun tó kù ni ariwo kan tó ń ti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wá, wíììì, bí ẹ̀fọn tó há sínú agolo. Ní àárọ̀ kùtù, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àmọ́ bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn níbí, bá ti dá wa dúró, tí epo inú táǹkì sì ti lọ sílẹ̀, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn á béèrè pé kí ló ń ké.

Rẹwáyà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì wa gbọ́ ọ, kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù ti lọ nìyẹn. Ẹ lọ ra òmíràn wá, kí n bá yín gbé e sí i kílẹ̀ tó ṣú."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìyà lè máa jẹ pọ́ǹpù tó ń pariwo: fílítà lè ti dí, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè má kún, táǹkì sì lè máa gbẹ ṣáá. Bí èèyàn bá gbé pọ́ǹpù tuntun sínú ìyà kan náà, yóò tún padà sọ́jà láìpẹ́. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kí n tó náwó.

Epo ni mo kọ́kọ́ rà, mo bù ú dé ìdajì táǹkì. Inú epo ni pọ́ǹpù yìí ń gbé. Epo náà ló ń mú un tutù, òun náà ló ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀ láìha ara wọn. Bí epo bá lọ sílẹ̀, á gbóná, bí ọkọ̀ bá sì yà ní kọ́nà, á fa afẹ́fẹ́ mọ́ epo. Láti May 29, 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí owó lítà kan sì fò sókè kọjá ìlọ́po méjì, ọ̀pọ̀ wa ló ń rìn kiri nígbà tí iná epo ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Pọ́ǹpù ló ń san gbèsè yẹn.

Ariwo dín kù. Kò lọ.

Sátidé, ọ̀sán

Ó kan fílítà. Ibi ẹ́ńjìnnì ló wà nínú ọkọ̀ yìí, kì í ṣe inú táǹkì. Kí n tó tú u, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù lábẹ́ ìjókòó, mo sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí ó fi kú fúnra rẹ̀, kí epo tó wà nínú páípù má baà tú sí mi lójú. Lẹ́yìn náà ni mo yọ orí bátìrì.

Mo da fílítà àtijọ́ sínú abọ́ funfun láti ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé. Epo dúdú ló jáde, iyanrìn wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀ abọ́. Nígbà tí mo fi páípù táyà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, agbára káká ló fi kọjá. Mo gbé tuntun sí i pẹ̀lú wáṣà tuntun. Wáṣà àtijọ́ tí wọ́n bá tún lò máa ń jò.

Àpótí dúdú kékeré kan wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí. Bí èèyàn bá fi wáyà so ihò FP mọ́ +B níbẹ̀, tó sì ṣí kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Nǹkan tó dára gan-an ni Toyota ṣe yìí. Mo gbé gééjì sórí fílítà, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo sì yọ họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ ara régúlétọ̀, èyí tó ń darí agbára tí epo fi ń tì: 36 psi. Bí họ́ọ̀sì yẹn bá wà ní yíyọ, ó yẹ kó wà láàárín 38 sí 44.

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Mítà ni mo mú lọ́wọ́ lónìí. Iná orí bátìrì jẹ́ fóòtì (volt) 12.5. Lẹ́nu pọ́ǹpù, nígbà tó ń ṣiṣẹ́, 10.2. Ó ju fóòtì méjì lọ tó sọnù sójú ọ̀nà! Láti mọ ẹ̀gbẹ́ tó ti sọnù, mo fi ẹsẹ̀ mítà kan kan wáyà ẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù, èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì, mo fi èkejì kan orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, àmọ́ 1.6 ni mo rí. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀daràn.

Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ara ọkọ̀, ìpẹtà sì ti bò ó. Mo fi bébà iyanrìn ha á títí irin fi funfun, mo dè é le, mo fi gíréèsì pa á lára. Iná gun òkè dé 11.9.

Mo tún tan pọ́ǹpù. Ariwo náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ nígbà tí mo rò ó, ó bọ́gbọ́n mu: iná ti kún, pọ́ǹpù ń sáré bó ṣe yẹ, ibi tó ti jẹ nínú rẹ̀ sì ń sọ ara rẹ̀ síta. Gééjì dé 39, ó wọlé díẹ̀ báyìí. Mo wọn iná tó ń fà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ampere 8. Irú pọ́ǹpù báyìí kò yẹ kó ju 5 tàbí 6 lọ. Ẹjọ́ ti tán.

Rẹwáyà kọjá, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà sọ fún yín." Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Kò sọ ti ẹ́ẹ̀tì, kò sì sọ ti fílítà.

Ọjọ́ ọjà

Araromi, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Agodi Gate. Ẹni àkọ́kọ́ gbé páálí kan tó ń dán wá. "Ọ̀gá mi, ojúlówó ni." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ara irin rẹ̀. Nọ́ḿbà ara páálí àti ti ara irin kò bára mu rárá. Mo dúpẹ́, mo kọjá. Tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, ó dín owó, ṣùgbọ́n ta ló mọ ọdún tí ìyẹn ti lò ní òkè òkun? Ní ìsọ̀ mìíràn ni mo ti rí tuntun tí nọ́ḿbà rẹ̀ péye, pẹ̀lú asẹ́ tuntun àti róbà ìdí rẹ̀.

Họ́ọ̀sì ló gba àkókò jù. Èyí tó wà láàárín pọ́ǹpù àti páípù kékeré inú táǹkì kúrú, ṣùgbọ́n inú epo ló ń gbé, a gbọ́dọ̀ ra èyí tí wọ́n kọ 30R10 sí. Họ́ọ̀sì epo lásán, 30R7, inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe fún epo. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ náà bá ń wẹ̀ nínú epo, á rọ̀, á sì bẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi èyí sí i nítorí pé òun ló wà nítòsí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e

Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo bẹ aládùúgbò pé kí wọ́n bá mi pa jẹnẹrétọ̀, mo yọ orí bátìrì. Kò ṣòro láti yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Abẹ́ rẹ̀ ni ìdérí irin wà. Kí n tó tú pọ́ǹpù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà nu orí táǹkì, nítorí gbogbo erùpẹ̀ ibẹ̀ inú epo ló ń lọ.

Róbà ìdí pọ́ǹpù ti wú, ó sì ti ya. Irin ń kan irin, táǹkì sì wá di ìlù. Èyí nìkan tó láti fa ìdajì ariwo náà. Asẹ́ rẹ̀ dúdú, ìpẹtà pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i.

Wáyà sínú FP àti +B, kọ́kọ́rọ́: mo ní láti gbé etí sún mọ́ ìjókòó kí n tó gbọ́ ọ. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí họ́ọ̀sì régúlétọ̀ wà ní yíyọ, 41 psi. Mo dá a padà, 34. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, gééjì ṣì wà lókè 30. 21 ni wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ rẹ̀. Ibì kankan kò jò.

Ìrọ̀lẹ́

Mo fi ayùn ṣí pọ́ǹpù àtijọ́ nígbà tí epo ara rẹ̀ ti gbẹ tán. Kábọ̀n méjì ló ń gbé iná wọ mọ́tọ̀ inú rẹ̀: ọ̀kan ti kúrú gan-an ju èkejì lọ, kọ́pà tí wọ́n ń gùn ti ní kòtò, ọ̀pá àárín sì ń mì nínú búúṣì. Nísàlẹ̀, ìpẹtà tó rí bí ẹ̀kùrọ́ lílọ̀ ti ṣù jọ. Omi ló fa ìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì tí a ń rà nígbà ọ̀wọ́ngógó epo ló ti wá.

Iṣẹ́ tó kàn ni kí n sọ táǹkì kalẹ̀, kí n fọ̀ ọ́. Mo ń dúró kí epo inú rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin, kó má baà wúwo jù, mo sì gbọ́dọ̀ yá jákì kejì.