Ìgbẹ́ dúdú tí mo gbójú fò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára aspirin ojoojúmọ́

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí mo dé láti ilé ìwòsàn. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó tutù kí n tó sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ẹ ní ìgò aspirin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ní in.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣubú lulẹ̀ níbi ìpàdé wa, tí kò sì dìde mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Bùọ̀dá mi tí wọ́n ń gbé ní Houston ti ní ìkọlù ọkàn rí, àwọn dókítà sì fi irin tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní stent la òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lo aspirin 81 mílígíráàmù lójoojúmọ́. Àwọn ni wọ́n fi ìgò mẹ́ta rán ẹnì kan sí mi. Odidi oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń lo ẹyọ kan láràárọ̀ láì bi dókítà kankan. Kì í ṣe pé n kò kàwé o. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, èmi ni mo ń ya àwòrán ọkàn sójú pátákó fún wọn. Oògùn tí wọ́n ń tà ní gbogbo kẹ́míìsì láì béèrè ìwé dókítà, ta ni yóò kà á sí ohun tó lè pa ènìyàn?

Nígbà tí ọyẹ́ dé, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ra ibuprofen, mo sì ń lò ó mọ́ aspirin náà. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ mi fi dúdú. Kì í ṣe dúdú ti ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́. Ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó ń lẹ̀ mọ́ àwo, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú lákòókò náà, èyí tí òun náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, mo sì di ẹ̀bi rù ú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wò ó bẹ́ẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kẹwàá, nǹkan bí aago mẹ́rin, mo dìde láti gbàdúrà. Òyì kọ́ mi, òógùn tútù bò mí, mo nawọ́ di ògiri mú, ọwọ́ mi yọ̀, mo sì ṣubú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Èébì tí mo bì dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò àgbo. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọbìnrin mi, “Màmá, Màmá, ẹ dá mi lóhùn,” ṣùgbọ́n ẹnu mi kò là. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé ọkàn mi ló ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, pé aspirin náà kò tíì pẹ́ tó lára mi.

Ní ilé ìwòsàn, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, jẹ́ 17, bẹ́ẹ̀ ti obìnrin tí ara rẹ̀ le máa ń tó 36 sókè. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tèmi mu kò sí nílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni àwọn ọmọ mi fi ń sá káàkiri Ìbàdàn, tí mo ń wo àjà, tí òtútù ń mú mi lábẹ́ aṣọ méjì, tí mo ń ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n má baà sùn lọ. Dókítà ọ̀dọ́ kan bi mí pé, “Màmá, àwọn oògùn wo ni ẹ ń lò lójoojúmọ́?” Mo ka ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ka ti orúnkún. N kò dárúkọ aspirin, nítorí n kò kà á sí oògùn. Ọmọ mi ló yọ ìgò náà nínú báàgì mi.

Wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun, wọ́n rí ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn mi, wọ́n dí i, wọ́n fa páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin sí mi lára, mo sì délé ní ọjọ́ keje.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí mo kọ́ ni ti ìgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo aspirin, ẹ máa wo ìgbẹ́ yín kí ẹ tó da omi sí i. Bí ó bá dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé oògùn Bùọ̀dá mi kì í ṣe oògùn mi. Aspirin kì í jẹ́ kí àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì so mọ́ ara wọn, ó sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá kí ara tó fi tuntun rọ́pò wọn. Ó tún ń mú ohun tó ń dáàbò bo ara ikùn kúrò, ibuprofen sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Fún ẹni tí ìkọlù ọkàn, tàbí rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, ti ṣẹlẹ̀ sí rí, èrè rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ọkàn tèmi kò ṣe nǹkan kan rí. Ìwádìí ASPREE tí wọ́n gbé jáde ní 2018, lórí àgbàlagbà 19,114 ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà tí wọn kò ní àrùn ọkàn, fi hàn pé àrùn ọkàn kò dínkù lọ́nà tó ṣe gúnmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dà lọ́nà tó léwu lára nǹkan bí 38 nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tó lo aspirin, nígbà tí ó jẹ́ 28 nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tí kò lò ó. Ní 2022, ìgbìmọ̀ amòye Amẹ́ríkà lórí ìdènà àrùn sọ pé kí ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, tí kò ní àrùn ọkàn, má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún 66 ni mí.

Ẹ̀kọ́ kẹta kò jìnnà sí èkejì: ẹ dárúkọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, ìbáà jẹ́ àgbo. Mo sì tún ń padà sórí ìgbẹ́ dúdú, nítorí ká ní mo sọ ọ́ fún ọmọ mi lọ́jọ́ kìíní ni, bóyá n kì bá tí gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sára.

Lọ́jọ́ tí mo délé, mo pe Bùọ̀dá mi, mo ń sunkún pé kí wọ́n da aspirin tiwọn nù. Wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n pa á tì fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò tí mo sọ ọ́ fún dókítà, ó dìde lórí àga: ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú stent ẹni tó bá ṣàdédé dá aspirin dúró, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti pè wọ́n padà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Houston. Ojú mi ni wọ́n ṣe lo tiwọn, lórí fídíò, kí n tó gbà kí wọ́n padà lọ sùn.