Ẹsẹ̀ Bàbá Dírẹ́bà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀gúsí ṣì wà nínú manẹ́ẹ̀tì mi, èyí tá a máa ń dì mú ta géèmù, bí mo ṣe ń kọ èyí o. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, mo ti fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí, kò gbọ́.

Ìjà èmi àti àbúrò mi ló fà á, ọmọ àbúrò bàbá mi tá a jọ ń gbé níbí ní Sábẹ̀, ní Benin. Mo ra PS2 ọ̀kàsíọ̀n kan ní Kùtọnù, ẹ̀rọ géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tí ẹlòmíì ti lò, ó ti gbó, tó o bá tàn án á máa hanrun bí ẹni tó jẹ iyán sùn, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Eré mọ́tò méjì la ní, èmi Gran Turismo 4, òun Burnout 3. 2004 ni àwọn méjèèjì jáde, ọdún sì ti ń parí lọ ní Japan kí tèmi tó bọ́ sí ìgboro níbẹ̀, ẹ wá wo iye ọdún, síbẹ̀ ojoojúmọ́ là ń jà lé e lórí bí ẹni pé àná ni.

Ọ̀rọ̀ tàbúrò mi ò pọ̀: eré ni eré ń jẹ́. Nínú tiẹ̀, tó o bá ti gbá ẹnìkejì mọ́ ògiri, irin á fò, gíláàsì á fò, gbogbo ẹ̀ á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀ kójú ẹ lè rí i dáadáa, wọ́n á tún fún ẹ lágbára kún un kó o lè lọ gbá ẹlòmíì. Èmi ní rárá, èyí tó jọ òótọ́ ló dùn. Nínú Gran Turismo ọkọ̀ wúwo, o gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì nígbà tọ́nà ṣì tọ́, tó o bá dúró dìgbà tó o ti yí sítíárìn, imú ọkọ̀ á kàn máa lọ tààrà wọnú koríko bíi pé o ò yí nǹkan kan, ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, bó ṣe ń ṣe kọ́ lèyí tí tẹ̀yìn ń tì ń ṣe. Pẹrimí, ìwé àṣẹ ọkọ̀ wíwà, gan-an wà ńbẹ̀, oríṣi márùn-ún, tó ò bá gbà á, àwọn ìdíje kan wà tí wọn ò ní jẹ́ kó o wọ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi ń kọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń dúró sójú ìlà, ẹ wá ń pè é nígbàdùn."

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ mọ́tò. Ẹni tó bá pàdánù á fọ abọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá Dírẹ́bà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọdún tó lé ní 30 ni wọ́n fi wa Peugeot 504 tó ń kó èrò láàrin Kùtọnù àti Paraku. Kò sẹ́ni tí ò mọ 504 yẹn nítorí bíréèkì ẹ̀. Bíréèkì tàwọn èèyàn kì í mú, tiwọn kì í jọ̀wọ́. Ó kàn máa di táyà mú fúnra ẹ̀ láàrin ọ̀nà, Bàbá á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi sípánà kàn án gbà gbà gbà, wọ́n á gbọ́ dáadáa, wọ́n á tún kàn án, àwọn èrò á ti sọ̀ lọ ra ọsàn. Wọ́n ti tà á tipẹ́ àmọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ohùn wọn á yí padà.

Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ká gbé ẹjọ́ wa wá.

Mo kọ́kọ́ mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ọ̀kàsíọ̀n nínú eré náà, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ á wú wọn lórí, ọkọ̀ tó ti rìn, iye kìlómítà tó ti rìn ló wà lára ẹ̀ yẹn. Bàbá fojú bọ̀ ọ́.

"Kìlómítà yìí, òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Wọn ò yí i padà?"

"Wọn ò yí i."

Bàbá yíjú sí àbúrò mi. "Irọ́ ni eré yìí."

Mo yára mú wọn kúrò ńbẹ̀, mo fi ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì hàn wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń fọkọ̀, ojú wọn wá rọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ inú ẹ̀ lé ní 700, wọ́n ní kí n wá 504 fáwọn, mo ní kí wọ́n fọwọ́ mú Peugeot 206 tí mo ní nílẹ̀. Wọ́n wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú.

Ẹjọ́ tó tẹ̀lé e ni ti ibi tá a jókòó sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré yẹn, ẹ mọ̀ pé kò sí bó o ṣe fẹ́ wà nínú ọkọ̀ kó o máa wo sítíárìn, bóyá kó o wà lẹ́yìn ẹ̀ lókè, tàbí nísàlẹ̀ níwájú bíi pé wọ́n so ẹ́ mọ́ bọ́ńpà. Bàbá ní ta ló ń wa ọkọ̀ láti ẹ̀yìn bútù? Mo yí i síwájú, wọ́n ní báyìí àwọn ti di ewúrẹ́ tí ọkọ̀ gbá. Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń ka abọ́ tí mo máa fọ̀.

Mo ṣí Nürburgring fún wọn, ọ̀nà Jámánì tí wọ́n ṣí ní 1927, kìlómítà 20 ó lé díẹ̀, kọ́nà tó lé ní 70, gbogbo ẹ̀ nínú igbó. Bàbá ní kìlómítà 20 kì í ṣe ìrìn àjò, láti Sábẹ̀ dé Paraku nìkan lé ní 100. Mo fi bọ́tìnnì hàn wọ́n, èyí tó ní àmì X ni iná, onígun mẹ́rin ni bíréèkì. "Embrayage dà?" Ìyẹn kílọ́ọ̀ṣì tẹ́sẹ̀ òsì máa ń tẹ̀. Mo ní kò sí. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ márùn-ún yòókù fò lọ fìrì, a ò rí wọn mọ́. Bàbá ń lọ ní 60, apá ọ̀tún ni wọ́n ń tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa sáré lọ, a máa bá wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń dájọ́: kò sí kòtò, irọ́. Kò sí àgùntàn, irọ́. Ọlọ́pàá dà? Péage tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà dà? Ẹni tó ń ta kpayo, epo fàyàwọ́, sínú ìgò dà? Wọ́n ha ọkọ̀ mọ́ irin ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀dà ara ẹ̀ ò bó, wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ ha á lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá wọn lójú. Ibẹ̀ yẹn mi ò lè jà, òótọ́ ni, nínú Gran Turismo 4 o lè fọkọ̀ lu ògiri látàárọ̀ dalẹ́, bó ṣe wà náà ló máa wà.

Tantí, ìyàwó wọn, gbé iyán wọlé pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wàrà wagasi kún inú ẹ̀. Bàbá ò lè fi manẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. "Gbé e síbẹ̀ ná, jẹ́ n kọ́kọ́ débẹ̀." Tantí gbé e kalẹ̀ síwájú wọn, ọbẹ̀ lápá ọ̀tún, iyán lápá òsì, ó ń tutù lọ.

Kọ́nà kan wà lọ́nà yẹn, Karussell, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, ó rí kòtò bí agbada, kò sì dán. Bí Bàbá ṣe wọ̀ ọ́, manẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, gììrì gììrì. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní, "ibí ti bàjẹ́ o."

Àtìgbà yẹn lẹ́nu ti pa, ara wọn ń bá kọ́nà tẹ̀, àwa náà ń tẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà gbọọrọ tó gbẹ̀yìn, ó lé ní kìlómítà méjì tí ò sí ìdíwọ́ kankan, ìgbà èwe ló dé bá Bàbá. Wọ́n tẹ iná. 120. 150. 180. Tantí ní, "Bàbá ilé, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ o." Kọ́nà tó kẹ́yìn wá yọ lójijì, ó ṣẹ́ síhìn-ín ó tún ṣẹ́ sọ́hùn-ún, ògiri ló wà níwájú.

Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ bíréèkì láti ọdún tó lé ní 30, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bọ́tìnnì ló kù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá gbéra, ó wọnú ọbẹ̀ gbùúú! Dírẹ́bà gidi kì í sì í tẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ òsì náà wá embrayage lọ, iyán ló bá níbẹ̀.

Ọbẹ̀ dé ara ògiri. Ó dé orí PS2. Ó dé ẹ̀wù funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìyàwó lọ́jọ́ kejì. Wagasi kan fò, ó lẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n gẹ́lẹ́ síbi tí wọ́n kọ ipò wa sí, tí ò bá sí wagasi ni, ẹ̀ bá rí i pé ipò kẹfà ni. Bàbá, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí bíréèkì, nàka sí 206 tó ti lu ògiri.

"Ṣé ẹ rí i? Kò há. Irọ́ ni."

Tantí dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ará ọ̀nà Paraku," ni wọ́n wí, "ẹ kú ewu o."

Àbúrò mi ní òun ti jàre, Bàbá ti fẹnu ara wọn pè é nírọ́. Mo ní ẹnu wọn ló pè é nírọ́, ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ṣé Burnout lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà wọnú ẹ̀gúsí? Bí a ṣe ń fà á lọ́wọ́ ni Tantí dájọ́ pé ká jọ fọ abọ́, ká fọ ẹní, ká sì bomi gbígbóná sẹ́sẹ̀ Bàbá.

PS2 gbẹ lóòrùn, ó tàn lọ́jọ́ kẹta, ó ń hanrun bó ṣe ń hanrun. Manẹ́ẹ̀tì ló ní àrùn. Ẹ̀gúsí ti wọ abẹ́ bọ́tìnnì onígun mẹ́rin, tó o bá ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kò ní jọ̀wọ́ mọ́, ọkọ̀ á kàn dúró gbọin láàrin ọ̀nà. Mo ń ṣépè lọ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá na ọwọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e sétí. Wọ́n kàn án mọ́ orúnkún, gbà gbà gbà, wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n tún kàn án. Bíréèkì jọ̀wọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n!" Ẹ wo ẹ̀rín lójú bàbá arúgbó. "Mọ́tò rèé."

Láti ọjọ́ yẹn, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, Bàbá ló ń wà á. Tó bá ti di mú, wọ́n á máa kàn án mọ́ orúnkún, èmi àti àbúrò mi á jáde lọ ra ọsàn.