Ọdún kéèpù pupa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Bí ẹ bá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kejì, kò sí lórí mi mọ́. Captain America: Brave New World jáde lọ́jọ́ 14 oṣù náà, a wò ó, a jiyàn lórí rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Fún àwa tí a máa ń múra bí akọni lọ wo fíìmù wọn ní Ìkòròdú, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbé ọdún 2025 mì: Jímọ̀ọ̀ ọjọ́ 11 oṣù keje, ọjọ́ tí Superman tí James Gunn darí jáde. Kéèpù pupa mẹ́sàn-án, aṣọ gígùn tí akọni máa ń so mọ́ èjìká, ló ti yàrá Màmá, télọ̀ wa, jáde lójú ọ̀nà Ìgbógbó. Kò sí ọ̀kan tó já, kò sí ọ̀kan tó wọ́.

Ẹ mọ Màmá. Wọn ò ka kọ́míìkì kankan rí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni ìdí tí Superman fi wọ pátá sórí ṣòkòtò. A ṣàlàyé pé láti 1938 ni, nígbà tí Jerry Siegel àti Joe Shuster gbé e jáde nínú ìwé kọ́míìkì Action Comics àkọ́kọ́, tí aṣọ rẹ̀ jọ ti àwọn alágbára tó ń gbé irin nínú sákọ́ọ̀sì. DC, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ kọ́míìkì rẹ̀, yọ pátá náà lọ́dún 2011, kò sí nínú fíìmù Man of Steel ti 2013, ó sì padà sínú ìwé lọ́dún 2018, nígbà tí Action Comics pé ẹgbẹ̀rún kan. Gunn fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì lórí rẹ̀, àfìgbà tí David Corenswet, tó ṣe Superman nínú fíìmù náà, sọ fún un pé Superman ò fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa bẹ̀rù òun. Màmá gbọ́ èyí, wọ́n ní bó bá jẹ́ tìtorí ọmọdé ni, ká rán pátá náà dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń pe Superman ní Bàbá Onípátá.

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè bí a ṣe rán kéèpù náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyí.

Fún àgbàlagbà, aṣọ kiréèpù yáàdì 3¼ ni, kó fẹ̀ tó íǹṣì 60. Ẹ má ra oní-45, torí ẹ máa ní láti so ó pọ̀, ojú ìrán yẹn á sì hàn kedere. Sátíìnì, Màmá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá: etí rẹ̀ ń tú, ó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, bí iná fọ́tò bá sì ti bà á, á máa kọ mànà bí ọ̀rá. Ẹ ká aṣọ náà sí méjì kí gígùn rẹ̀ di ìdajì. Igun tí ibi ìká àti etí aṣọ ti pàdé ni ọrùn máa wà. Ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ okùn, kí ẹnì kan tẹ orí okùn mọ́ igun náà. Ẹ fa ìlà róbótó ní íǹṣì 6 fún ọrùn, òmíràn ní íǹṣì 54 fún ẹsẹ̀ aṣọ. Bí ẹ bá gé e tí ẹ tú u, ìdajì òbìrìkìtì ni: ọrùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 19, á sì gùn ní íǹṣì 48.

Níbí ni ọ̀pọ̀ télọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á gé e tán, wọ́n á sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ tí a gé ní róbótó, apá kan rẹ̀ bá òwú lọ tààrà, apá kan gba orí òwú lọ láti igun dé igun, èyí tó gba igun yẹn á máa fà wálẹ̀. Màmá máa ń fi í kọ́ sórí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọn fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi rúlà onígi wọn ọ́n láti ilẹ̀, wọ́n á gé ibi tó bá gùn jù, kí wọ́n tó ká a. Ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn fà tó íǹṣì méjì láàárín òru kan ṣoṣo!

Kéèpù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ á máa wé mọ́ ẹni. Òjé àwọ̀n tí àwọn apẹja Èbúté ń lò ni a kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n májèlé ni òjé, ọmọdé á sì fi í sẹ́nu. Wọ́ṣà irin ti mẹkáníìkì ni kí ẹ rán sínú ìká ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kùn ún lọ́dà kó má baà dípẹtà sára aṣọ. Fún ọmọdé, ẹ má ṣe so kéèpù mọ́ ọrùn. Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ fi sí èjìká, kó lè já kúrò bí nǹkan bá fà á. Lórí ọ̀kadà, ẹ ká a sínú báàgì, torí ṣéènì.

Àmì S tó wà láyà Superman ò le bí wọ́n ṣe rò. Fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n ò ṣeé lò, ọ̀dà fífọ́n á jẹ ẹ́ bí omi ṣe ń jẹ iyọ̀. Fóòmù ẹní àwọn ọmọdé, mílímítà 5, ló dára. Réésà tuntun ni kí ẹ fi gé e. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ṣúmékà pa ojú méjèèjì, kí ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Lásìkò òjò, ó máa ń pẹ́ gan-an. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà tí ẹ bomi là kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ, kí ẹ tó kun ọ̀dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóòmù á fa ọ̀dà mu, á sì sán nígbà tó bá tẹ̀.

Fíìmù Fantastic Four tẹ̀ lé Superman lọ́jọ́ 25 oṣù keje kan náà. Aṣọ funfun àti búlúù lórí ilẹ̀ pupa Ìkòròdú, ẹ lè fojú inú wò ó. Mo sì dúpẹ́ fún Iyanu ti Roye Okupe, tó ti inú kọ́míìkì di eré àwòrán lóṣù kẹrin, tí ọmọbìnrin tó jẹ́ orúkọ Yorùbá wá di akọni lójú gbogbo ayé. Màmá wo ìyẹn parí. Wọn ò sùn.

Oṣù kẹsàn-án, Màmá fi wá sílẹ̀, ẹ ti mọ̀.

Ẹ̀rọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ni kí ẹ máa kán sí i, kì í ṣe òróró ìdáná, torí yóò gan mọ́ inú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì di líle. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá fọ́nrán òwú tó bá kó sábẹ́ eyín rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ní ká máa lò ó. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n wa.

Fún ọdún 2026, Supergirl wà fún ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, Avengers: Doomsday lọ́jọ́ 18 oṣù kejìlá, bí wọn ò bá tún sún un. Kéèpù Doctor Doom, ọ̀tá inú Avengers yẹn, ní bórí, torí náà yáàdì 4½ la rà, kiréèpù aláwọ̀ ewé, lọ́jà Sábó. A gé e lánàá. Orí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Màmá ló wà báyìí, rúlà onígi sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lọ́la la máa wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.