Àyẹ̀wò Ọdún: Ọdún Tí Mousehole Gbé Mì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró de àyẹ̀wò ọdún mi, ẹ kú ìdúró. Lọ́dọọdún ni mo máa ń tò ó láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá: ìwé tí mo kà, ìlérí tí mi ò mú ṣẹ, iye kílò tí mo fẹ́ jò àti iye tí mo fi lé e. Lánàá mo jókòó láti to ti ọdún yìí, mo rí i pé mi ò rántí oṣù karùn-ún rárá. Mo bi Alága, ìyàwó mi, pé kí ni a ṣe ní oṣù kẹjọ. Ó ní a ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó dáa, a ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, a dúpẹ́. Gbogbo ìyókù, Mousehole, abúlé apẹja kan ní Cornwall, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, ti gbé e mì.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta: Màámi, ìyá mi, kú. Mo kọ ìlà díẹ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì ní fẹ̀ ẹ́ lójú lónìí. Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn ni pé oṣù kejìlá ṣì ń bọ̀. Oṣù kejìlá nínú ìdílé wa, Èkó ni, ọ̀dọ̀ Màámi. Ilé ṣì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bùọ̀dá mi, onílé ni kò sí. Nígbà tí Alága béèrè ibi tí a ó lọ, mo ní kí a kúkú lọ síbi tí ọ̀nà reluwé ti parí. Àwàdà ni mo ń ṣe. Alága kì í fi ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ṣàwàdà.

Penzance ni ọ̀nà reluwé ti parí. Láti Paddington ní London, ó ju wákàtí márùn-ún lọ, ní Dawlish ọ̀nà náà sì gba etí òkun gan-an, níbi tí ìjì ti já ojú irin ní 2014. Igbákejì Alága, ọmọ wa, lẹ imú mọ́ fèrèsé, ó ń bèèrè bóyá irú ìjì bẹ́ẹ̀ tún lè jà lónìí. Láti Penzance a wọ bọ́ọ̀sì, a gba Newlyn kọjá, ọ̀nà sì ń fún títí tí mo fi rò pé awakọ̀ fẹ́ wa bọ́ọ̀sì wọ yàrá ẹnìkan.

Mousehole kò tóbi. Ilé olókùúta ló sún mọ́ra yí èbúté kékeré kan ká, àlàfo àárín wọn kò sì tó ibi tí ẹni tó wọ agbádá lè gbà kọjá. Ní 1595 àwọn ọmọ ogun Sípéènì dáná sun abúlé yìí, ilé ìdílé Keigwin sì ni wọ́n máa ń fi han àlejò pé ó ṣẹ́ kù. Ilé tí a háyà, ilé apẹja ni tẹ́lẹ̀. Apẹja náà kúrú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àràárọ̀ ni orí mi ń kọlu igi àjà, tí Alága sì ń ti inú yàrá kí mi kú ewu.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, mo kíyè sí i pé iná Kérésìmesì kún èbúté, àwọn tí wọ́n ṣe bíi páì ẹja àti ejò òkun ń tàn yòò lójú omi, ṣùgbọ́n fèrèsé ilé tó wà lẹ́yìn wa dúdú. Ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ló là mí lóye: ọ̀pọ̀ ilé náà jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ibòmíràn, tàbí èyí tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àlejò bíi tiwa. Àwọn ọmọ apẹja kò lágbára àtira ilé níbi tí wọ́n bí wọn sí mọ́. Ìyá náà sọ ọ́ láìbínú sí wa, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Nígbà tí Alága ra pánla tútù láti Newlyn, tó fi ata tí a gbé wá láti London sè é, ìyá náà kanlẹ̀kùn. Mo rò pé òórùn ata ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Abọ́ ni wọ́n mú dání.

Lókè abúlé ni abúlé míì tí wọ́n ń pè ní Paul wà, òkúta ìrántí Dolly Pentreath sì wà lára ògiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ẹlẹ́ja ni Dolly, ó kú ní oṣù kejìlá 1777, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ẹni ìkẹyìn tó mu èdè Cornwall mọ́ ọmú. Ní 1768 ọ̀mọ̀wé kan, Daines Barrington, wá a wá sí Mousehole kí ó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ èdè náà. Dolly fi ohùn ìbínú sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Àwọn ìyá méjì tó wà lódìkejì ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín. Barrington bi wọ́n bóyá ó ń bú òun ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bú u dáadáa.

Iwájú òkúta yẹn ni mo ti ka ìtàn yìí lórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé Òyìngbò ni Màámi ti ta ẹja dídì, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fọwọ́ tẹ ẹja wò láìrà á. Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi ń bú oníbàárà, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, àwa ọmọ á sì wà lẹ́yìn fírísà, a ó máa fi aṣọ di ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí Igbákejì Alága fi wá wo ojú mi. Ó ní, “Dádì, ẹ̀rín ni àbí ẹkún?” Mo ní kó lọ wá mọ́mì rẹ̀.

Louis Lucien Bonaparte, ẹbí Napoleon, wà lára àwọn tó gbé òkúta náà kalẹ̀ ní 1860. Ibi tí kò tọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, ó pẹ́ kí wọ́n tó sún un lọ síbi tí wọ́n gbà pé ibojì Dolly wà. Ẹ mọ ìtàn ibojì tiwa: Bùọ̀dá ní Ìjẹ̀bú ni kí a sin Màámi sí, èmi ní Èkó ni. Mo fi fọ́tò òkúta ránṣẹ́ sí wọn láìkọ nǹkan kan sí i. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ wọn láti oṣù kẹfà nìyẹn.

Ó wá ku ọjọ́ kọkàndínlógún.

Ní 19 oṣù kejìlá 1981, ẹ́ńjìnnì Union Star kú lójú òkun nínú ìjì. Ọkọ̀ ẹrù tuntun ni, ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ó ń ti Netherlands lọ sí Ireland. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, títí kan ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Ìgbì ga tó mítà 18, hẹlikópítà kò rí wọn gbé. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà tí wọ́n ń pè ní Solomon Browne, onípákó, jáde láti Penlee Point pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́jọ láti Mousehole, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Trevelyan Richards ni ọ̀gá wọn. Ọmọ ọdún 17 kan, Neil Brockman, sáré wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Richards mú bàbá, ó dá ọmọ padà: irú alẹ́ yẹn, òun kò ní mú èèyàn méjì nínú ìdílé kan. Charlie Greenhaugh, tó ni ilé ọtí Ship Inn, wà nínú ọkọ̀ náà. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni òun fúnra rẹ̀ tan iná Kérésìmesì abúlé. Wọ́n fi rédíò sọ pé àwọn ti gba mẹ́rin lára wọn. Rédíò dákẹ́. Àwọn 16 náà ló kú. Kí ọjọ́ kan tó pé, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti wa ọkọ̀ agbẹ̀mílà míì ti pé iye ní abúlé kan náà. Neil Brockman náà di ọ̀gá awakọ̀ níbẹ̀ nígbà tó yá.

Nítorí náà, lọ́dọọdún, ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á pa iná náà. Àgbélébùú kan àti àwọn áńgẹ́lì nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Wákàtí kan. A dúró létí èbúté láàárín èrò. Ojú mi ń ṣomi, mo sọ fún Alága pé afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìlara ni ó ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nílé, a ra aṣọ ẹbí, a pe olórin, a se ìrẹsì, wọ́n ní òkú àgbà ni, ìjẹun òkú tán, wọ́n ní kí n mọ́kàn le. Ní London, ibi iṣẹ́ fún mi láàyè ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fi káàdì kan sórí tábìlì mi. Láti ìgbà náà, ọ̀fọ̀ yìí ń wọlé nígbà tó bá wù ú, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ní Mousehole, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni tirẹ̀, ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì pé kí ló dé.

Aago mẹ́sàn-án lù, iná padà dé. Ẹnu mi ti la tán láti kígbe “Up NEPA!”, Alága fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igbákejì Alága, tí a bí sí Lewisham, ni kò rí ẹni gún un. Ó kígbe rẹ̀ tòkè-tilẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màámi ló ti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún a jẹ nínú páì ẹja tí wọ́n ń fi rántí Tom Bawcock, apẹja tí ìtàn ní ó wọ òkun nínú ìjì nígbà tí ebi ń pa abúlé. Orí ẹja yọ jáde nínú páì, wọ́n ń wo òkè. Mo jẹ ẹ́. Ó fẹ́ ata.

Ẹ̀yin tí ẹ fi owó ránṣẹ́ ní oṣù kẹta, ẹ̀yin tí ẹ gbé ẹ̀fọ́ rírò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa tí ẹ kò kanlẹ̀kùn, ẹ ṣeun. Mi ò dá yín lóhùn nígbà náà, mo mọ gbogbo abọ́ tí mi ò tíì dá padà. Mi ò ṣe ìlérí kankan fún ọdún tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: Igbákejì Alága ní kí a mú ọjọ́ Màámi ní oṣù kẹta, kí gbogbo wa pa iná láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ní London àti ní Èkó.

Mo pe Bùọ̀dá, mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Iná wo? Ní Èkó? Ta ló sọ fún ẹ pé iná wà?” Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn á tan jẹnẹrétọ̀ ní aago méje, kí àwọn lè rí nǹkan pa.